Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tí Ẹ Ní

Lóṣù tó kọjá ni mo kọ̀wé sí ojú ewé yìí nípa fáìlì ìjọba tí mo rí lọ́wọ́ alákàrà kan, tó ń ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan wé àkàrà fún oníbàárà. Lẹ́tà tí ẹ kọ padà pọ̀ ju ohun tí ààyè wa lè gbà lọ, mo sì dúpẹ́. Díẹ̀ tí mo ṣà nínú wọn, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìwé àtijọ́, nìyí. Èyí tí omi wà nínú rẹ̀ ni mo fi ṣáájú, torí ọ̀rọ̀ omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Òjò tó rọ̀ lálẹ́ àná wọlé bá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àpótí ìwé bàbá wa àgbà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi sì bò ó. Lẹ́tà, ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kó gbogbo rẹ̀ lọ sá sóòrùn. Ṣé ká sá a? — Àbíkẹ́yìn, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí dé ni mo ti fi ìdáhùn ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó kọ ọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin yòókù, torí òjò ọdún yìí kò tíì lọ.

Ẹ má sá a sóòrùn o. Ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Oòrùn á mú kí bébà ká kò, tàdáwà á sì ṣá. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ tẹ́ wọn sí, lórí aṣọ mímọ́ tàbí bébà funfun tí wọn kò tẹ nǹkan sí lára. Kí fáànù máa fẹ́ atẹ́gùn kiri nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n kó má kọjú sí ìwé tààrà. Ìwé tí wọ́n dì pọ̀, ẹ gbé e nàró, kí ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ máa fi bébà funfun sáàárín ewé rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ bébà náà bó bá ti ń tutù. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ìwé tó rin gbingbin lè ti máa bu láàárín wákàtí 48. Ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.

Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ kó wọn sínú abọ́ omi tútù tó mọ́, kí wọ́n tú fúnra wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ́ wọn, kí ojú wọn wà lókè. Bí ìwé bá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ yín ká lọ, ẹ dì í sínú ọ̀rá ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba, kí ẹ bẹ ẹlẹ́ja dídì kan kó bá yín gbé e sínú yàrá yìnyín rẹ̀. Yìnyín kì í wo ìwé sàn, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó bu títí ẹ ó fi ráyè gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú ni kí ẹ lọ. Ìwé tó dì, tó yọ́, tó tún dì, á túbọ̀ bàjẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Akọ̀wé ìjọ ni mí ní Abẹ́òkúta. Ìjọ wa ń múra àjọ̀dún 150 ọdún, ìgbìmọ̀ sì ti ya owó sọ́tọ̀ láti ra sikáànà ńlá tí a ó fi ya gbogbo ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìpàdé wa sínú kọ̀ǹpútà. Kọ́bọ́ọ̀dù onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àlùfáà ni wọ́n wà báyìí, ikán sì ti wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irú sikáànà wo ló dára jù? — Akọ̀wé ìjọ, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ jẹ́ kí owó sikáànà yẹn ṣì wà ní báńkì ná.

Ọ́fíìsì kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọlé pẹ̀lú ayẹyẹ. Wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́, wọ́n ya ìwé fún oṣù mélòó kan. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ kọ orúkọ fáìlì kankan sílẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá fún àwòrán náà ni àwòrán ń jẹ́. Nígbà tí opó kan wá béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nítorí owó ìfẹ̀yìntì, ìwé náà wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì tún wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a ò sì rí i nínú méjèèjì. Obìnrin náà lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Mi ò lè gbàgbé ojú rẹ̀. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà ti sọnù ná, bí ikán kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kó ìwé kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lónìí. Ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò níta kí ikán má bàa bá a dé ibùgbé tuntun. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù kó ga kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri kí ẹ lè máa tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Kó má sí lábẹ́ táńkì omi, kó má sì sí níbi tí òrùlé ti ń jò. Ẹ pe oníṣẹ́ ikán wá fún ilẹ̀ àti ògiri, ṣùgbọ́n kó má ṣe fín òògùn kankan sí ìwé lára. Ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín wọn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni méjì tó ní sùúrù: àgbà kan tó mọ ìtàn ìjọ, àti ọ̀dọ́ kan tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Kí wọ́n mú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, ibi tí wọ́n ti bá a, àti bí ara rẹ̀ ti rí. Kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kí wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sínú èèpo ìwé náà, kì í ṣe báírò. Bí wọ́n bá ti ń bá a lọ, wọn yóò máa rí àlàfo: ìwé ìrìbọmi ọdún báyìí sí ọdún báyìí kò sí. Kí ẹ kéde àlàfo náà nínú ìsìn ọjọ́ ìsinmi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé akọ̀wé àtijọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ti ìjọ ni.

Ẹ kọ ìlànà ojú ewé kan ṣoṣo, kí ìgbìmọ̀ ìjọ fọwọ́ sí i. Kó sọ èyí tí a ó tọ́jú títí ayé, bí ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìpàdé, ìṣirò owó ọdọọdún, lẹ́tà àti fọ́tò. Kó sọ èyí tí a lè dà nù nígbà tí ayẹ̀wé-owó-wò bá ti rí i, nítorí rìsíìtì epo dísù kò yẹ kó gba ààyè mọ́ ìwé ọdún 1880 lọ́wọ́. Kó sọ ipò ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ènìyàn, torí ènìyàn ń lọ, ipò ń dúró. Kí owó díẹ̀ sì máa wà fún iṣẹ́ yìí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún. Bí ẹ bá ná gbogbo owó tán lọ́dún àjọ̀dún, ta ni yóò ra kọ́bọ́ọ̀dù tó bá jẹrà lọ́dún kẹwàá?

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá ya ìwé. Èyí tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì ti ń gbó, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Sikáànà pẹlẹbẹ lásán tó ń ya àwòrán aláwọ̀ ní 300 dpi (òṣùwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ kedere) tó; èyí tó ń fa bébà wọlé fúnra rẹ̀ lè ya ìwé yín sí méjì. Ìwé tí kò ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi kámẹ́rà tó dúró lórí ẹsẹ̀ yà á látòkè. Kí orúkọ àwòrán bá nọ́ńbà tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín mu. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà, lórí oríṣi ohun èlò méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn má sí ní ọgbà ìjọ.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta mọ ìdí tí mo fi sọ èyí tó kẹ́yìn. Ní 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tí a mọ̀ sí Ìwé Ìròyìn ní ìlú yín. Ní 1867, Ìfọ́lé dé, ìyẹn ìgbà tí àwọn ará ìlú dìde sí àwọn míṣọ́nnárì: wọ́n kó ilé ìsìn, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, Ìwé Ìròyìn sì dópin. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ ní Aké láwọn ọdún yẹn ṣì lè kà á lónìí, torí pé àwọn míṣọ́nnárì, òyìnbó àti ọmọ Yorùbá, ń kọ lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. (Church Missionary Society) ní London. Yunifásítì Birmingham ni àwọn lẹ́tà náà wà báyìí. Ohun tó ti kúrò nílùú ni kò bá ìlú fọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìwé ìdájọ́ kóòtù lórí ilẹ̀ ìdílé wa ti fẹ́ já níbi tí wọ́n ti ká a. Ṣé kí n lọ láminéètì rẹ̀? — Ọmọ Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi. Ooru ẹ̀rọ yẹn á yọ́ ọ̀rá mọ́ ìwé náà lára, kò sì ní ṣeé bọ́ kúrò mọ́ láìya á. Má fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́ náà. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú bébà, á sì di pupa rúsúrúsú. Yọ pínnì tó ti dípẹtà lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ láìká, fi bébà funfun sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí o sì gbé e sínú fódà páálí tó tóbi jù ú lọ. Fọ́tókọ́pì ni kí o máa gbé kiri. Kí o tún lọ sí kóòtù tó dá ẹjọ́ náà, kí o gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, nígbà tí ìwé tiwọn ṣì wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èkìtì. Nínú yàrá tí à ń kó ọkọ́ àti àdá sí ni mo ti rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó wọlé ní 1955, àti ìwé tí ọ̀gá ilé-ìwé fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ní ká tọ́jú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní, ta ni yóò kà á? Báwo ni mo ṣe lè mú kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lára? — Olùkọ́, Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́, inú mi dùn débi pé mo ka lẹ́tà yín lákàtúnkà. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín? Oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé yẹn ni àwọn tí ètò náà kọ́kọ́ kàn ní ìlú yín. Orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, iṣẹ́ òbí, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó kúrò: ìwé ìtàn ńláńlá kò ní sọ irú èyí fún ìlú yín.

Ta ni yóò kà á? Ẹ bi wọ́n bóyá akọ̀wé tó wà ní Freetown, ní Sierra Leone, láyé ijọ́un mọ ẹni tó máa ka tirẹ̀. Láti 1808 ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ọkọ̀ olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n ń sọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kalẹ̀ ní Freetown. Akọ̀wé á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ nọ́ńbà, orúkọ bí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ, ọjọ́ orí, gíga, àti àpá ara, nínú èyí tí ilà ojú wa wà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni lójú tirẹ̀. Wọ́n tún ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí London. Lónìí, àwọn onímọ̀ ti kó orúkọ tó ju 90,000 lọ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti Havana ní Kúbà, orúkọ Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibi tí wọ́n sọ ọmọdékùnrin tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kalẹ̀ sí ní 1822 náà nìyẹn. Ẹni tó ń wá ìran rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tàbí Kúbà, inú ìwé akọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n ló ń wá a sí.

Ẹ má wàásù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín o. Orúkọ ni kí ẹ fi pè wọ́n. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn, kí ẹ sọ ọ́ di ńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí àwọn òbí ti ń ṣèpàdé. Ẹni tó bá rí orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀ kò ní béèrè ẹni tí yóò kà á mọ́. Ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé bóyá wọ́n mọ ẹnikẹ́ni nínú orúkọ mẹ́wàá. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà ti lé ní 75 báyìí. Ẹ wá àwọn tó ṣì wà rí, kí ẹ pè wọ́n wá sí ilé-ìwé. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ni ọjọ́ ilé àkójọ ìwé kárí ayé, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n dá àjọ wọn sílẹ̀ ní 1948. Àkókò ìwé ló máa ń bọ́ sí, ó sì dára fún irú àpèjọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó ti àwọn àgbà náà pẹ̀lú fóònù, kó gba ohùn wọn sílẹ̀.

Fọ́tókọ́pì ni kó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́jọ́ náà, kí ojúlówó ìwé má kúrò lórí tábìlì. Ohun kan tún wà: bí ìwé ọ̀gá bá ní ibi tí ó ti kọ orúkọ ẹni tó jalè tàbí ẹni tó gboyún, ẹ má ṣe lẹ ìyẹn síta. Àwọn ọmọ wọn wà nílùú.

Lẹ́yìn àríyá, ẹ rí i pé ìwé méjèèjì wọ inú àkọsílẹ̀ ohun tí ọ̀gá tó ń lọ máa ń fi lé ọ̀gá tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n lè gbé yín lọ sí ìlú mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ ìfiṣẹ́lélẹ̀, ẹnì kan ní láti fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mí, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ láti 1948 wà lọ́wọ́ bàbá kan tó ti jẹ́ akọ̀wé rí. Bàbá ní àwọn kò ní yọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí àṣírí oyè àti ti ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń bínú. Kí la lè ṣe? — Akọ̀wé, Ìjẹ̀ṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí bàbá. Ọwọ́ wọn ni ìwé yẹn kò ṣe di ohun tí wọ́n fi ń wé àkàrà. Kí àwọn ọ̀dọ́ lọ dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n má béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ohun tí bàbá ń sọ ní ìtumọ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba pàápàá máa ń ti àwọn fáìlì kan mọ́ fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó ṣí i fún aráyé. Ẹ lè bá bàbá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí méjèèjì fọwọ́ sí i: a ó ya ẹ̀dà nínú ilé wọn, lójú wọn; ojú ewé tí wọ́n bá ní kó ṣì wà ní títì, a ó dì í sọ́tọ̀ títí di ọdún tí wọ́n bá dá; ojúlówó ìwé á ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ ikú. Ọ̀rọ̀ iná àti òjò ni kí ẹ bá wọn sọ.

Kí ẹ sì sọ ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ fún wọn. Ní 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí. Ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó, ibẹ̀ ni ìwé náà ti sọnù. Ó kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló padà sí àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ nílé, tó tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi ìwé kejì yìí ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ogun Jámánì gba ọkọ̀ Appam tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì kọjá kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Ní 1921 ló jáde, Obadiah náà ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tó kù nílé, kí là bá mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́ lónìí? Ẹ jẹ́ kí bàbá gbọ́ èyí, kí ẹ sì dákẹ́, kí wọ́n ro ó.

Bí wọ́n bá gbà tán, tí ẹ sì fẹ́ ibi tó dájú fún ojúlówó ìwé lọ́jọ́ iwájú, ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ọ́fíìsì ìjọba ní 1951, tó ń wo fáìlì tó ń jẹrà, kí ìjọba tó dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ní 1954. Ilé ìkàwé yunifásítì kan náà ni ìwé Herbert Macaulay wà. Kí ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé ohunkóhun dání, kí ẹ sì béèrè àdéhùn tó wà lórí ìwé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀, mà. Peckham ní London ni mo wà. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ mi tí màmá mi fi gba oríkì ìdílé wa sílẹ̀ lẹ́nu ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ṣé kí n kàn gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò kí n sì gbà á? — Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, London.

ÌDÁHÙN: Má tíì tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí o wo téèpù inú rẹ̀. Bí o bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára rẹ̀, ó ti bu nìyẹn, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tó mọ̀ nípa téèpù ni kí o gbé e lọ. Bí ó bá mọ́, ṣẹ́ ike kékeré méjèèjì tó wà lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì gba ohun mìíràn lé e. Yí i lọ sí òpin, kí o yí i padà, kí o tó gbọ́ ọ.

Wáyà ni kí o fi so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ariwo yàrá má bàa bá a wọlé. Tọ́jú rẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kù, ní 48 kHz àti 24 bit. MP3 lè jẹ́ èyí tí o máa fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ. Má ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù ju ti ẹ̀rọ lọ. Jókòó ti màmá rẹ, ẹ jọ gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń là á yé ọ: ta ló ń sọ̀rọ̀, ọdún wo ni, agbo ilé wo, ta ni orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dá. Ọ̀rọ̀ wà nínú oríkì tó jẹ́ pé etí màmá rẹ nìkan ló ṣì lè gbọ́ ọ yé. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé, sí ọ̀dọ̀ obìnrin ilé tó ń kí yín báyìí nígbà ìnáwó. Kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá ṣe é tán. Mo fẹ́ mọ agbo ilé tí ẹ ti wá.